Ohun Tí A Kò Lè Ṣí Wò, Eku Ló Ni Ín

Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá bá mi ní èbúté Ìpakodò nítorí eku kì í dárúkọ eku. Ohun tí yóò sọ ni pé àjà ọkọ̀ ti ń rọ̀ wálẹ̀, pé òórùn kan wà níwájú tí ọṣẹ kò ràn, tàbí pé iná imú ọkọ̀ ń tàn, ó ń kú. Lẹ́yìn náà ni yóò wá ní, “Ọ̀gá, ẹ bá mi ya pákó yẹn dànù, kí ẹ fi tuntun síbẹ̀, ká lè padà sójú omi lọ́jọ́ Ajé.” Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ló rò pé òun gbé wá. Bí mo bá ṣe é bó ṣe wí, pákó yóò dán, owó yóò wọ àpò mi, eku yóò sì tún bímọ sẹ́yìn pákó tuntun náà kí òjò ọdún yẹn tó kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Pákó tó ti jẹrà ni làpálàpá. Ètè wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tún inú ọkọ̀ ṣe lórí ọ̀sà yìí, láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, èrò tí mo sì dì mú kò gùn rárá: ibi tí a kò bá lè ṣí wò nínú ọkọ̀, eku ló ni ín. Ohun yòówù tí èèyàn bá fi kún un, ì báà ṣe májèlé, ì báà ṣe pàkúté, ì báà ṣe pákó olówó gọbọi, ó kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Ẹ wo ọkọ̀ apẹja ní Bàyékù, tàbí èyí tí wọ́n so mọ́ òpó létí omi Ẹ̀pẹ́. Pákó ni wọ́n fi kàn án, ikùn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó dúró ní ìdí ọkọ̀ ń rí imú rẹ̀ kedere. Apẹja ń fi igbá gbọ́n omi inú rẹ̀ láràárọ̀, oòrùn ń pa á lọ́sàn-án. Eku lè fò wọ̀ ọ́ lóru kó wá jẹ orí ẹja tó há sínú àwọ̀n, ṣùgbọ́n kò ní bímọ síbẹ̀, nítorí kò rí ibi tí yóò fọmọ pamọ́ sí. Àwọn tó ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pè mí fún ọ̀rọ̀ eku. Omi tó ń jò ni wọ́n ń bá wá.

Ti ọkọ̀ èrò yàtọ̀. Ọkọ̀ fáíbà tó ń kó òṣìṣẹ́ láti Ìkòròdú lọ sí Marina, CMS tàbí Falomo ní àárọ̀ ní awọ méjì. Èkíní ni fáíbà tó kan omi. Èkejì ni ìbora tí a tẹ́ sí ògiri àti àjà nínú: plywood, fóòmù, kápẹ́ẹ̀tì tàbí léda. N kò ní kí ẹnikẹ́ni yọ ìbora yìí kúrò pátápátá. Òun ló ń gba èrò lọ́wọ́ ooru nígbà tí oòrùn bá dé àtàrí, òun ló ń bo ẹ̀gún fáíbà tó ń yún ara, òun náà ló ń bo wáyà àti rọ́bà. Ẹni tó sì sanwó kó má baà jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Mile 12 fẹ́ kí ọkọ̀ tó wọ̀ ní ẹwà díẹ̀. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni àlàfo tó wà láàárín awọ méjèèjì. Ó máa ń tó ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó ṣókùnkùn, ó gbẹ, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nítorí pé òfin kò fẹ́ kí ọkọ̀ èrò rìn lóru, láti ìrọ̀lẹ́ dé ìdájí ni ibẹ̀ máa ń pa rọ́rọ́. Bí ẹnìkan bá ní kí n yàwòrán ilé fún eku, n kò mọ ohun tí mo lè fi kún un.

Wọ́n máa ń bi mí pé, báwo ni eku ṣe dé ojú omi? Ọ̀nà pọ̀. Eku dúdú tó máa ń gbé òkè àjà mọ okùn gùn dáadáa. Okùn tí a fi so ọkọ̀ mọ́ jẹ́tì, afárá ni lójú rẹ̀. Eku ńlá tó ń gbé gọ́tà mọ omi wẹ̀, ó sì lè gba ìdí ẹ́ńjìnnì gòkè. Èlírí kì í tilẹ̀ ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Inú apẹ̀rẹ̀ àti àpò ni wọ́n ti ń gbé e wọlé pẹ̀lú ẹrù. Bí ọkọ̀ bá ń kó ẹja láti ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, tàbí tó ń kó gaàrí àti ẹ̀fọ́ láti apá Èjìnrìn àti Agbówá, eku yóò bá ẹrù wọlé lọ́jọ́ kan. Oúnjẹ tí èrò ń jẹ nínú ọkọ̀ ni yóò sì dá a dúró: gúgúrú tó bọ́ sábẹ́ àga, èérún búrẹ́dì, èèpo ẹ̀pà. Lásìkò tí Odò Ògùn bá kún tó ń ya wọ inú ọ̀sà ní apá Agbóyì, tí Odò Ọ̀ṣun náà ń tú tirẹ̀ dà ní ìhà Ẹ̀pẹ́, omi á lé eku kúrò nínú ihò rẹ̀ ní bèbè. Ibi gbígbẹ tó bá sún mọ́ ọn jù ni yóò sá wọ̀, ọkọ̀ tó dákọ̀ró sì wà lára irú ibẹ̀.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ihò tó fẹ̀ ní mìlímítà 6 péré, tí kálámù bírò kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pa, èlírí ń gbà á kọjá. Eku ńlá kò nílò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì lọ. Ẹ wá wo ọkọ̀ yín: ojú ihò tí wáyà gbà wọlé, ibi tí rọ́bà epo gbà kọjá, ihò tí wọ́n lu fún páńpù tó ń fa omi jáde, etí pákó tí kò kan fáíbà dáadáa. Gbogbo ìwọ̀nyí ń lanu sílẹ̀, ẹni tó kan ọkọ̀ ló sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ eku àti ọkọ̀ kì í ṣe tuntun ní Èkó. Ní 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eégbọn ara eku máa ń tàn kálẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú yìí, ó sì jà fún ọdún mélòó kan. Wọ́n ti mọ̀ nígbà náà pé èbúté ni irú àrùn bẹ́ẹ̀ máa ń gbà wọ ìlú. Nígbà tó di 1928, ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ Lagos Executive Development Board sílẹ̀ láti wó àwọn àdúgbò tó há jù ní Erékùṣù Èkó, kí wọ́n sì tún wọn tò. Àwọn tí wọ́n wó ilé wọn ní ẹjọ́ tiwọn láti rò, ẹjọ́ náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan tí ìjọba rí nígbà náà bá ohun tí èmi ń rí nínú ọkọ̀ mu: bí a bá ń pa eku tí a kò fọwọ́ kan ibi tó há, tó ṣókùnkùn, eku kì í tán.

Àwọn ọkọ̀ òkun ńlá ní òfin tiwọn lórí èyí. Òfin ìlera àgbáyé ti 2005, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007, ní kí ọkọ̀ tó ń ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn ní ìwé ẹ̀rí ìmọ́tótó tí kì í wúlò ju oṣù mẹ́fà lọ, eku sì wà lára ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera èbúté máa ń wá kí wọ́n tó fún un. Ẹni tó bá dé èbúté Apapa yóò rí páànù róbótó tí wọ́n fi há okùn ọkọ̀ kí eku má baà gbà á gòkè. Tiwa níhìn-ín, ìwé yẹn kò kàn wá. Àwọn òṣìṣẹ́ LASWA àti ti NIWA tó ń bójú tó ọ̀nà omi á bi yín léèrè jákẹ́ẹ̀tì ààbò, wọ́n á wo iye èrò tí ẹ kó, ohun tó sì yẹ kí wọ́n ṣe nìyẹn. N kò tíì rí ẹni tó ní kí wọ́n ṣí àjà ọkọ̀ kí òun wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ̀yìn ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Eyín iwájú eku kì í dẹ́kun híhù títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Bí kò bá gé nǹkan jẹ, eyín yóò gùn ju ẹnu rẹ̀ lọ. Nítorí náà kì í ṣe ebi nìkan ló ń mú un jẹ wáyà. Wáyà tó bá bọ́ra lẹ́yìn pákó lè ta iná, bí rọ́bà epo bá sì tún ń jò nítòsí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti gbẹ́nàgbẹ́nà. Wáyà páńpù ni eku sábà máa ń gé tí ẹnikẹ́ni kò ní tètè mọ̀, torí páńpù kì í ké nígbà tó bá kú. Omi yóò kàn máa pọ̀ sí i nísàlẹ̀ ikùn ọkọ̀ ni. Ìtẹ́ eku náà tún ní wàhálà tirẹ̀: ó máa ń dí àwọn ihò kéékèèké tí omi ń gbà ṣàn láti imú ọkọ̀ bọ̀ wá sí ìdí. Omi tó bá dúró sójú kan yóò wọ inú igi tí wọ́n fi fáíbà bò, igi yóò rà síbẹ̀, òde yóò ṣì máa dán.

Èyí tó burú jù lójú mi ni jákẹ́ẹ̀tì ààbò. Abẹ́ àga tàbí inú àpótí iwájú ni wọ́n máa ń kó wọn sí, eku sì fẹ́ràn fóòmù inú rẹ̀ láti fi tẹ́ ibùsùn fún ọmọ. Mo ti fa jákẹ́ẹ̀tì jáde tí òde rẹ̀ pọ́n dẹ̀dẹ̀ bíi tuntun, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣófo. Èrò tó bá wọ irú rẹ̀ rò pé òun wọ ààbò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fọwọ́ tẹ jákẹ́ẹ̀tì yíká kí ẹ tó fún èèyàn wọ̀. Kí ẹ má fojú lásán wò ó.

Ìlera àwa tó ń ṣiṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Ibà Lassa, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa ní Borno pè láti 1969, ń ti ara ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan wọ ara èèyàn, Oǹdó àti Ẹdó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ti ń jà jù. Ọ̀nà omi ló so Ẹ̀pẹ́ pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Ìlàjẹ ní Oǹdó, àpò gaàrí kì í sì í gba ìwé ìrìnnà. Àrùn tí wọ́n ń pè ní leptospirosis tún wà, èyí tí ìtọ̀ eku ń gbé sínú omi, tó sì ń gba ojú egbò wọlé. Ọmọ iṣẹ́ tó bọ́ bàtà sílẹ̀ tó ki ẹsẹ̀ tó ní egbò bọ omi inú ikùn ọkọ̀ ń fi ara rẹ̀ wewu. Lọ́dọ̀ mi, kò sẹ́ni tí í fi ìgbálẹ̀ gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ, torí eruku rẹ̀ á wọ imú. Ìbọ̀wọ́ àti ìbomú lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, háípò ìwọ̀n kan sínú omi ìwọ̀n mẹ́sàn-án, a ó wọ́n ọn títí ibẹ̀ á fi rin, a ó fi í sílẹ̀ díẹ̀, ká tó fi àkísà kó o. Àkísà náà kì í padà sínú ilé.

Nípa pípa eku, gbogbo ènìyàn ní òògùn tirẹ̀. Òtápiápiá ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń kọ́kọ́ sáré rà. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ gbangba: kì í ṣe ohun tí a ń dà sínú ọkọ̀ tó ń kó èèyàn. Dichlorvos tó máa ń wà nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń pa èèyàn. Kì í ṣe lásán ni NAFDAC fi fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà gbogbogbò ní 2019. Òògùn eku tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ ní àbùkù mìíràn. Púpọ̀ nínú wọn kì í pa eku lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan ni yóò fi máa ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Eku á jẹ ẹ́ tán, á padà sínú ìtẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn pákó ni yóò sì kú sí. Ẹ̀yin tó ti gbóòórùn òkú eku nínú yàrá ọkọ̀ tí wọ́n tì mọ́ oòrùn láti Sátidé di Mọ́ńdè, ẹ kò nílò àlàyé mi.

Pàkúté ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ mọ ìwà ẹni tó ń dẹ ẹ́ fún. Eku ńlá máa ń fura sí ohun tuntun. Bí ẹ bá dẹ pàkúté lálẹ́ àkọ́kọ́, yóò yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ gbé e síbẹ̀ láìdẹ ẹ́, kí ẹ fi ẹja yíyan díẹ̀ sí i, kó jẹ ẹ́ lóru kan tàbí méjì kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Èlírí kò fura tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀pà lílọ̀ tó bá ti wà níbẹ̀ ti tó. Ẹ̀bá ògiri ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe àárín ilẹ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ ògiri ni eku ń tọ̀. Gọ́ọ̀mù eku tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í pẹ́ nínú ọkọ̀: omi àti eruku á pa á, aláǹgbá á sì kú sí i ṣáájú eku. Ológbò náà dára ní ṣọ́ọ̀bù, a ní ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kò sí bí ológbò ṣe lè gba àlàfo oníka mẹ́ta wọlé.

Kí a tó fa pákó kan ya ni mo máa ń dẹ pàkúté. Ariwo òòlù àti ìfà-ìṣó á lé eku láti imú ọkọ̀ lọ sí ìdí, ẹ ó sì máa lé e kiri. Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo oúnjẹ kúrò, kí ẹ gbé ọkọ̀ kúrò lójú omi bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ máa dẹ pàkúté títí ilẹ̀ á fi mọ́ lọ́jọ́ kan tí pàkúté á ṣófo. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó kù, páúdà díẹ̀ ni mo máa ń wọ́n sílẹ̀ lálẹ́ níwájú ihò. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹsẹ̀ eku á ti tẹ̀ ẹ́ tàbí kó má tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni yíya bẹ̀rẹ̀, òkè àjà ni a sì ń ti í bẹ̀rẹ̀ wá sísàlẹ̀. Pákó tó ti bàjẹ́ kì í ṣe ìdọ̀tí lójú gbẹ́nàgbẹ́nà tó gbọ́n. Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ibi tí imú ọkọ̀ wà, torí òun ni yóò di ìwọ̀n fún tuntun. Ògiri ọkọ̀ kò tọ́ bíi ti ilé. Ó ń tẹ̀, ó sì ń yí. Èyí tó bá ti jẹrà kọjá ìwọ̀n, a ó fi páálí gé àwòrán rẹ̀ kó tó fọ́ sọ́wọ́. Kí n tó gbé ohunkóhun kúrò lẹ́yìn pákó, iná tọ́ọ̀ṣì ni mo máa ń tàn ní ẹ̀gbẹ́, kó rọra tọ́ ojú fáíbà. Ojú ọ̀nà eku á yọ: ó dúdú, ó ń dán, nítorí ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń kùn ún lójoojúmọ́. Ẹ tọ ojú ọ̀nà yẹn lọ, yóò mú yín dé ihò tó gbà wọlé. Ihò yẹn ni iṣẹ́ tí oníbàárà gbé wá, bí òun alára kò tilẹ̀ mọ̀.

Ihò kékeré ni a ń fi nẹ́ẹ̀tì irin tí kì í dógùn-ún dí, a ó sì fi rẹ́sìn àti máàtì fáíbà bò ó. Kànìnkàn onírin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò kò lè pẹ́ níbẹ̀. Omi ọ̀sà Ìkòròdú máa ń ní iyọ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi òkun bá gba ẹnu ọ̀nà Èkó wọlé. Yóò sọ kànìnkàn náà di ìpẹtà. Ti apá Ẹ̀pẹ́ kò ní iyọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í dúró sójú kan.

Bí a bá ti fọ inú ọkọ̀ tán, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ibí ni èmi àti oníbàárà ti máa ń jà jù. Ó fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, mo sì ń wo omi tó ṣì wà nínú igi. Ọyẹ́ ló ń ràn mí lọ́wọ́ jù lọ. Lásìkò òjò, abẹ́ tápólì pẹ̀lú fáànù ni, ó sì máa ń gba sùúrù. Ẹni tó bá fi pákó tuntun bo ara tó tutù ti san owó fún ìjẹrà.

Ọ̀rọ̀ pákó fúnra rẹ̀ gba àkíyèsí. Ohun tí wọ́n ń pè ní marine board lọ́jà pákó, tí àwọn bíríkìlà fi ń ṣe dẹ́kìn, kì í sábà jẹ́ ti ọkọ̀. Ojú rẹ̀ ń dán, omi kò tètè wọ ojú yẹn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ lè ní àlàfo, gọ́ọ̀mù rẹ̀ sì lè jẹ́ oríṣi kan ṣáá. Plywood tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ní ìlànà tirẹ̀, BS 1088 ni wọ́n máa ń kọ sí i lára, ó sì wọ́n. Ẹni tí kò dá a lójú, kó gé èérún rẹ̀, kó sè é nínú omi híhó fún wákàtí mélòó kan. Bí ìpele rẹ̀ bá ṣí kúrò lára wọn, kó dá a padà fún ẹni tó tà á. Èyí tó bá yege náà, etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ mu rẹ́sìn yó, tojú tẹ̀yìn. Etí ni omi máa ń gbà wọ plywood, etí náà sì ni eku ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Fún àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń kan pákó mọ́, igi líle ni mo ń lò. Ọ̀sà wa kò ṣàjèjì sí igi: orí omi yìí ni wọ́n ti ń di gẹdú pọ̀ láti apá ìlà-oòrùn, tí wọ́n sì ń jẹ́ kó léfòó dé Òkò Bàbá ní Èbúté Mẹ́tta, kí ìjọba Èkó tó ní òun fẹ́ kó àwọn onígẹdú lọ sí apá Agbówá. Ìrókò dára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ti ga. Kò pọn dandan. Igi tó bá ti gbẹ dáadáa, tó sì mu rẹ́sìn, yóò ṣiṣẹ́.

Fóòmù tìmùtìmù ni n kò gbà kí wọ́n fi sẹ́yìn ìbora mọ́. Ó ń mu omi, ó ń di òórùn mú, ìtẹ́ tó dára jù lọ ni fún eku. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí yóò gba ooru, ẹ wá fóòmù tí omi kì í wọ inú rẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn pákó gan-an, kó máa bá pákó jáde bí ẹ bá ń ṣí i. Ike PVC tí wọ́n ń fi ṣe àjà ilé fúyẹ́, omi kò lè ṣe é ní nǹkankan, ṣùgbọ́n eyín eku ń wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́, oòrùn ń mú kó gbẹ kó sì fọ́, èéfín rẹ̀ sì burú bí iná bá mú un.

Ohun tó kù ni bí a ṣe ń dè é. Gọ́ọ̀mù kọ́. Ìṣó kọ́. Síkúrù irin tí kì í dógùn-ún ni, pákó kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n tí ẹnìkan ṣoṣo lè fi gbé e. Mo máa ń fi àlàfo bí ìka méjì sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí ìgbálẹ̀ lè dé ibẹ̀ kí ojú sì lè rí i. Mo ń lu ihò afẹ́fẹ́ sókè àti sísàlẹ̀, mo sì ń fi nẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ kò tó mìlímítà 6 dí i. Wáyà kò tún gbọdọ̀ sùn sílẹ̀ lẹ́yìn pákó. Inú páìpù tó wà lókè ni, níbi tí ẹni tó bá ṣí pákó kan yóò ti rí i láti orí dé ìdí.

Àwọn oníbàárà kì í fẹ́ràn orí síkúrù tó hàn. Alhaja kan ní Ẹ̀pẹ́, tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó ẹja, sọ fún mi pé, “Ọ̀gá, ẹ ti sọ ọkọ̀ mi di àpótí iṣẹ́ yín.” Mo ní, “Ẹ má bínú, Alhaja. Ẹ jẹ́ kó pé oṣù kan, kí ẹ ní kí àwọn ọmọ yín ṣí i.” Wọ́n ṣí i, wọ́n rí èlírí kan níbi tó ti ń kó ewé jọ, wọ́n lé e jáde, wọ́n gbá ibẹ̀, wọ́n dè é padà. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń ṣí i, wọn kò sì pè mí fún pákó mọ́. Iṣẹ́ mi dín kù lọ́dọ̀ wọn, ọkàn mi sì balẹ̀ sí i.

Àwọn mìíràn ní olè ni yóò tú síkúrù. Olè tó bá wọ ọkọ̀ yín, ẹ́ńjìnnì ló bá wá.

Nígbà tí ìjọba ti Èkó pa ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, 2020 nítorí kòrónà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Jẹ́tì dá páropáro, kò sí gúgúrú, kò sí èérún àkàrà. Eku kò bá wa dúró de ìjọba. Ohun tó wà nínú ọkọ̀ ni wọ́n dojú kọ. Nígbà tí iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ìbora ọkọ̀ wọn ṣeé ṣí rí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó gbé èrò. Àwọn tó lẹ tiwọn pa kò rí nǹkankan. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n lọ, ojú omi ni wáyà ti já mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ìpínlẹ̀ Èkó ń sọ̀rọ̀ báyìí nípa ọkọ̀ èrò tí yóò máa lo iná mànàmáná lábẹ́ ètò Omi Èkó. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ oníná kò ju wáyà àti bátìrì lọ, wáyà sì ni eku ń jẹ. Mo ń bẹ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ohun tí wọ́n ń bi ọlọ́kọ̀ kí wọ́n tó fún un níwèé: kí ìbora inú ọkọ̀ ṣeé ṣí, kí wọ́n sì ṣí i lójú ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ń bẹ àwọn tó ń ṣàkóso jẹ́tì pé kí ìdọ̀tí oúnjẹ má máa sùn síbẹ̀ mọ́jú.

Ẹ̀yin tó ni ọkọ̀, ọ̀rọ̀ yín ni mo fi parí. Kí ẹ tó sanwó fún ìbora tuntun, ẹ bi ẹni tó fẹ́ ṣe é pé, “Báwo ni mo ṣe máa ṣí i fúnra mi?” Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ di owó yín mú, kí ẹ wá ẹlòmíràn.